Ta ni a ń dà bí nígbà tí a bá wọ aṣọ Wakanda? Ìtàn ohun ọ̀ṣọ́ àfọwọ́ṣe, láti Kétu dé òkè Kèrè

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la gbé dé lónìí.

Láti ọdún 2018 tí fíìmù Black Panther ti jáde, àwọn ọmọ wa kò yé sọ pé aṣọ Wakanda ni àwọn fẹ́ wọ̀ bí ayẹyẹ ilé-ìwé bá dé. Àwọn ọmọbìnrin fẹ́ di Okoye, ọ̀gágun àwọn obìnrin tí ń ṣọ́ ọba. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ di T'Challa, ọba fúnra rẹ̀. Àwọn òbí a sì máa béèrè nǹkan méjì: Èló ni wọ́n ń tà á? Ṣé nǹkan tiwa ni àbí ti òyìnbó?

Ìbéèrè méjèèjì dára, a ó sì dáhùn wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wà tí a kì í sábà gbọ́: ẹni tí ọmọ náà fẹ́ dà bí yẹn, ta ni? Fún ọmọ tí a bí lórí òkè Ìdáàṣà, ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn rárá. Ẹ jẹ́ ká rọra tú u.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ti òkèèrè bọ̀ wálé. Ní oṣù keje ọdún 1939, àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì péjọ sí New York fún ìpàdé àgbáyé wọn àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Forrest J Ackerman àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Myrtle R. Douglas, wọ aṣọ àwọn ènìyàn ọjọ́ iwájú dé ibẹ̀. Myrtle ló ronú bí aṣọ náà yóò ṣe rí, òun náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán méjèèjì. Fíìmù Things to Come, tó jáde ní 1936, wà lára ohun tí wọ́n wò ṣe é. Nígbà tí ọdún yípo tí wọ́n tún péjọ ní Chicago, àwọn mìíràn náà ti rán tiwọn wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ìtàn eré ìmúra yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, oníròyìn ará Japan kan, Takahashi Nobuyuki, sọ ọ́ ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é báyìí, ìyẹn cosplay.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù fúnra wọn kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Star Wars, tó jáde ní 1977, idà ìmọ́lẹ̀ kan wà tí gbogbo ọmọdé mọ̀, ti Luke Skywalker. Roger Christian ló ṣe é. Ó rí ọwọ́ iná kámẹ́rà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Graflex ní ilé ìtajà ní London, ó lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára, ó parí. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti pa tì ni wọ́n fi ṣe ohun ìjà ọjọ́ iwájú.

Nítorí náà, òbí tó bá rò pé ọmọ òun kò lè wọ aṣọ yìí àfi bí òun bá ra ike tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ní ọjà Dantokpa tàbí ní Balógun, kí ó fọkàn balẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rà á. Wọ́n fi abẹ́rẹ́, àlòkù ohun èlò àti ọpọlọ ṣe é ni.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbé ọkọ̀ òfuurufú sórí rí

Ní tiwa ńkọ́? Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Láti Kétu dé Mẹ̀kọ, dé Ẹ̀gbádò, a mọ bí wọ́n ṣe ń múra. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ orí rẹ̀, orí náà a sì jókòó sókè orí ẹni tó gbé e, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a bo ojú onítọ̀hún. Ara rẹ̀ ńkọ́? Aṣọ àwọn obìnrin ni: ìró, gèlè, ọ̀já ìpọnmọ. Wọ́n á yá wọn lọ́wọ́ àwọn ìyá àti ìyàwó ilé, wọ́n á dì wọ́n mọ́ra, ṣaworo á sì wà lẹ́sẹ̀. Bí ijó bá parí, aṣọ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ẹ kíyè sí ohun tó wà lórí igi náà. Ẹyẹ wà, ejò wà, iyán gígún wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí alùpùpù dé ilẹ̀ wa, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ alùpùpù. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú fò kọjá, òun náà gorí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún wọn láṣẹ láti ronú nípa ẹ̀rọ àti ọjọ́ iwájú.

Ní Ìdahìn, nítòsí Kétu, Fagbitẹ Asamu àti ọmọ rẹ̀ Falola Ẹdun gba òkìkí nítorí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń mira. Ẹni tó gbé e a fa okùn lábẹ́ aṣọ, ère orí rẹ̀ a sì máa lọ, a máa bọ̀. Lọ́wọ́ kejì ààlà, Duga ará Mẹ̀kọ gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí William Bascom ará Amẹ́ríkà fi wá wo iṣẹ́ rẹ̀ ní 1950, tó sì kọ ìwé lé e lórí. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ló fi Kétu síhìn-ín, tó fi Mẹ̀kọ sọ́hùn-ún. Igi tí wọ́n ń gbẹ́ kò mọ ààlà yẹn. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ó sì wọ ìwé ogún náà ní 2008, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀.

A kò sọ pé kí ọmọdé lọ fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣeré o. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àwọn ìyá tó ni ín, eégún ní ìdílé tó ni ín, a kì í wọ̀ wọ́n lọ sí ayẹyẹ ilé-ìwé. Ohun tí a lè mú níbẹ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́: kí á yá aṣọ lò, kí á da igi àti okùn pọ̀, kí á gbé ohun tuntun ayé wọ inú àṣà tí a ti mọ̀. Ọgbọ́n yẹn kò ní èèwọ̀.

Bídọ̀n epo di ojú ènìyàn

Ẹ jẹ́ ká dé Àjàṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Romuald Hazoumè ní 1962, nínú ìdílé Yorùbá. Gbogbo wa la mọ bídọ̀n tí wọ́n fi ń gbé epo kpayo wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n á dì mọ́ alùpùpù títí a ò fi ní rí ẹni tó ń wà á mọ́. Hazoumè mú bídọ̀n tó ti gbó, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rí ojú ènìyàn lára rẹ̀: ibi tí a ti ń da epo ni ẹnu, ibi tí a fi ọwọ́ dì mú ni imú. Ó fi irun, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ kún wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù ni La Bouche du Roi, tó ṣe láàárín 1997 sí 2005. Bídọ̀n 304 ló tò bí àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ẹrú. British Museum rà á, wọ́n sì fi hàn ní 2007, nígbà tó pé igba ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. Ní 2024, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ ní ààyè tirẹ̀ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Venice, Hazoumè wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n rán lọ.

Nítorí kí la ṣe mẹ́nu ba ọkọ̀ ẹrú níbi ọ̀rọ̀ aṣọ ọmọdé? Nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè kẹta wà.

Ta ni Okoye?

Nínú Black Panther, Dora Milaje ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin tí ń ṣọ́ ọba. Christopher Priest ló kọ wọ́n sínú ìwé àwòrán Marvel ní 1998. Ruth E. Carter ló ṣe aṣọ fíìmù náà, ó sì gba Oscar nítorí rẹ̀ ní 2019. Ó kó nǹkan jọ láti ibi púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà: pupa àwọn Maasai, òrùka ọrùn àwọn Ndebele, fìlà àwọn obìnrin Zulu tó ti lọ́kọ ló sọ di adé Ìyá Ọba Ramonda, ẹ̀rọ tó ń tẹ ike jáde bí ìwé ni wọ́n sì fi ṣe adé náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òpìtàn àti oníròyìn ló ti sọ pé bí a bá ń wá ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin tó ṣọ́ ọba nílẹ̀ Áfíríkà ní tòótọ́, Agbómẹ̀ ni kí a wò. Agojie ni. Lupita Nyong'o, tó kópa nínú fíìmù náà, wá sí Bẹ̀nẹ̀ láti ṣe fíìmù kan nípa wọn tó jáde ní 2019. Ní 2022, Hollywood ṣe The Woman King lórí wọn. Ní oṣù keje ọdún 2022 kan náà, wọ́n ṣí ère obìnrin ọmọ ogun kan ní Kùtọ́nù, gíga rẹ̀ tó mítà 30.

Akíkanjú ni wọ́n, kò sí ẹni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà Ìdáàṣà léèrè ohun tí àwọn òkè yìí wà fún. Òkè 41 ni wọ́n ń sọ pé ó yí Ìdáàṣà ká, Kèrè sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́wàá tó wà lábẹ́ Dassa-Zoumè. Ní ayé Gezo, tó jọba láti 1818 sí 1858, àti ní ayé Glèlè tó tẹ̀lé e títí dé 1889, ogun Dàhòmì máa ń gòkè wá sí apá ibí láti kó ènìyàn. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kó ni wọ́n tà sókè òkun, àwọn kan di ẹrú oko ọba, wọ́n fi àwọn kan bọ. Òkúta tí àwọn ọmọ wa ń gùn ṣeré lónìí ni àwọn baba ńlá wọn sá sí.

Kétu rí tirẹ̀. Ní 1883, Dàhòmì kọ lù ú. Ní 1886, wọ́n run ìlú náà pátápátá, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin tán ni àwọn tó kù tó lè padà wá tún ilé kọ́. Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè Kétu, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Abẹ́òkúta lé wọn padà, ní 1851 àti ní 1864. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá rí i ní 1851 pé obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bá wọn jà, inú bí wọn, wọ́n tún gbóná sí i.

Nítorí náà, bí ọmọbìnrin kan ní Kèrè bá gbé ọ̀kọ̀ Dora Milaje, tó dúró lórí òkè kan náà tí ìyá ńlá rẹ̀ sá fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Bí a kò bá sọ ọ́ fún un, fíìmù nìkan ni yóò sọ ìtàn fún un, fíìmù kò sì mọ Kèrè.

Ẹ má tíì gba ọ̀kọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀

Àwọn kan lè sọ pé ó ti tán, kí ọmọ má wọ̀ ọ́ mọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí méjì sì wà.

Èkíní: gbogbo àwọn tó wọ aṣọ Agojie kọ́ ni ọmọ Agbómẹ̀. Àwọn òpìtàn ti fi hàn pé àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ tí wọ́n kó lójú ogun láti kékeré, Yorùbá àti Mahi wà lára wọn, tí wọ́n sì tọ́ dàgbà sínú iṣẹ́ ogun. Ó lè jẹ́ ọmọ wa ló wà nínú aṣọ náà, tó ń padà wá jó ilé wa. Ìtàn tó le ni, ọmọ tó bá gbọ́ ọ kò ní gbàgbé.

Èkejì: Wakanda kì í ṣe Dàhòmì. Ìlú àròsọ ni, tí wọ́n kọ láti fi béèrè pé báwo ni Áfíríkà ì bá ti rí ká ní ẹnikẹ́ni kò kó o lẹ́rú. Ìbéèrè yẹn, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ ló ni ín jù, àwọn ọmọ àwọn tó sá gun òkè náà sì ni ín. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ aṣọ náà, ṣùgbọ́n kí ó mọ ẹni tó dá a fún un, kí ó sì mọ ohun tó wà lọ́rùn onítọ̀hún.

Nǹkan kan tún wà. Agojie tòótọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kọ̀ bí ti fíìmù. Ìbọn àti àdá ni wọ́n gbé, ṣòkòtò àti ẹ̀wù tí kò dí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n wọ̀. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ yẹn ti mọ̀ ju fíìmù lọ.

Bí a ṣe lè ṣe é nílé

Ó kù sí ọ̀rọ̀ owó. Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ohun tó wà nílé nìyí:

Ọ̀kọ̀: ẹ wá ọparun gbígbẹ tàbí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Ẹ gé páálí méjì fún ojú rẹ̀, kí ẹ fi àtè tí a fi gbágùúdá sè lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ọ̀pá wà láàárín. Bó bá gbẹ, ẹ kùn ún lọ́dà. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rí róbótó, ẹ má fi páànù ṣe é, ọmọdé á máa fi sáré kiri.

Òrùka ọrùn: ẹ fi aṣọ wé okùn tó nípọn, kí ẹ wé bébà dídán lé e. Ẹ má fi wáyà ṣe é, ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ kí ó má fún ọmọ lọ́rùn.

Ìlẹ̀kẹ̀ Kimoyo: nínú fíìmù, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ yìí ń fi àwòrán hàn, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ńlá tí ìyá àgbà ti pa tì dára fún un. Ẹ fi ọ̀dà funfun ya àmì kan sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ lè fi ẹyọ kan ṣe àmì òkè, kí ó fi èkejì ṣe àmì ilé baba rẹ̀.

Adé Ramonda: agbọ̀n pẹlẹbẹ tó ti gbó, tí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, tí ẹ sì fi aṣọ bò.

Ìbòrí èjìká: ẹ lè gé e lára bídọ̀n, àgbà ni kó gé e, kí ó sì fi aṣọ bo etí rẹ̀. Bídọ̀n omi tàbí ti òróró ni kí ẹ lò. Èyí tó ti gbé epo kpayo rí, ẹ má gbé e súnmọ́ ojú ọmọ, ẹ má sì fi iná yọ́ ọ láé: afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú rẹ̀ lè gbiná.

Òmíràn tún wà

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní kò wu òun kí ọmọ òun dà bí Agojie, ohun mìíràn ti wà báyìí. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe eré àwòrán kan tó ń jẹ́ Iwájú, Èkó ọjọ́ iwájú ni ìtàn náà ti wáyé. Ọmọbìnrin tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ Tọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Kọ́lé, Tọlá sì ní alángbá kan tó jẹ́ ẹ̀rọ, Otin lorúkọ rẹ̀. Orúkọ wa nìyẹn, ìlú wa nìyẹn, sáyẹ́ǹsì sì ni. Ní Èkó kan náà, Lagos Comic Con ti wà láti 2012, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ aṣọ tí wọ́n fúnra wọn rán.

Ẹ wo Otin yẹn. Ta ni ọmọ Ìdáàṣà tí kò mọ alángbá? Orí òkúta wa ló ń yáàrùn láti àárọ̀. Ẹ rán àpò aṣọ gígùn, ẹ ki òwú sínú rẹ̀, ẹ fi ìdérí ìgò ṣe ìpẹ́ rẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀ kí ọmọ lè máa fà á kí orí rẹ̀ máa mì. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ìdahìn ti ṣe irú okùn bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ Wakanda.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Iṣẹ́ ìmúra yìí kì í parí ní wákàtí kan. Àtè gbọ́dọ̀ gbẹ, ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń dúró kí ó gbẹ, ẹ pe bàbá tàbí ìyá àgbà jókòó, kí wọ́n sọ fún ọmọ náà orúkọ òkè tó wà lẹ́yìn ilé yín, àti àwọn tó sá gun òkè náà, àti ohun tí wọ́n ń sá fún. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ọ̀kọ̀ rẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ.